Ìtàn Àmì Dúdú Ara Ènìyàn

Kò sí olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì rí irú ọmọ yìí nínú kíláàsì rẹ̀: ọmọ tí àmì dúdú kékeré kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tàbí ní orí imú rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi àmì náà sọ ọ́ lórúkọ. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọlọ́yàyà, òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ onítìjú, nígbàkúùgbà tí a bá pè é wá síwájú pátákó ni yóò máa fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ó bá délé, ìyá rẹ̀ àgbà a wí fún un pé àmì oríire ni. Ará ilé mìíràn a sì rọra sọ lẹ́yìn pé ẹni tí ó ti wá sáyé rí ni ọmọ náà, àpá àtijọ́ ni ó gbé padà wá. Àmì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ wà lórí rẹ̀, ìyìn wà lórí rẹ̀, ẹ̀rù sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú.

A rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́, mọ ìtàn àmì yìí. Nítorí ohun tí kò tóbi ju hóró ata lọ, àwọn obìnrin ọlọ́lá ti ná owó wọn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti fi ṣe ohun ìdámọ̀. A ti so àwọn aláìṣẹ̀ rọ̀ títí wọ́n fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn sì ti kú nítorí pé wọ́n ka àmì náà sí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kì yóò fi àmì ara ọmọ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, kì yóò sì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo àmì tí ó bá ń yí padà lára òun tìkára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun náà gan-an tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú awọ ara olúkúlùkù ènìyàn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣe aró awọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin. Aró yìí ni ó mú kí àwa jẹ́ dúdú, òun náà ni ó sì ń dá ààbò bo awọ wa lọ́wọ́ oòrùn. Iye sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lára ènìyàn dúdú àti lára ènìyàn funfun kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìwọ̀n aró tí wọ́n ń ṣe ni ó yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lára, wọ́n a máa dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo tí àgbẹ̀ fi àyè sáàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbòmíràn wọ́n a kó ara wọn jọ sí ojú kan, bí ẹni pé irúgbìn dà sílẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà. Ibi tí wọ́n kó jọ sí ni a ń rí bí àmì dúdú. A lè bí ọmọ tòun ti tirẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni ó ń yọ láti ìgbà èwe títí di nǹkan bí 30 ọdún. Bí ènìyàn bá sì di arúgbó, òmíràn nínú wọn a máa ṣá lọ fúnra rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ní wọn jù wá lọ. Àgbàlagbà kan nínú wọn lè ní láti 10 títí dé 40 lára, kí ara rẹ̀ sì le koko.

Àwọn hóró dúdú wẹ́wẹ́ tí ó máa ń pọ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lábẹ́ ojú àwọn àgbà wa, pàápàá àwọn ìyá wa, kì í ṣe irú èyí tí a wí yìí. Dókítà ará Ítálì kan, Aldo Castellani, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe wọn fún àwọn oníṣègùn ní ọdún 1925, lẹ́yìn tí ó ti rí wọn lójú àwọn ènìyàn dúdú ní Jàmáíkà àti ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Wọ́n a máa bá ìdílé rìn: bí ìyá bá ní wọn, ọmọ a máa ní wọn bí ó bá ti ń dàgbà. Wọn kì í dun ni, wọn kì í sì í pa ni. Ẹni tí ó bá ní wọn, kí ó kà wọ́n sí ọ̀kan nínú ogún ìdílé rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ènìyàn ayé ti lo àmì yìí fún ẹwà. Kì í ṣe ìgbà tiwa ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Róòmù, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní lẹ́yìn ikú Olúwa wa, àwọn ènìyàn ti ń lẹ ohun pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ojú. Akéwì ibẹ̀ kan tí ń jẹ́ Martial sọ̀rọ̀ ọkùnrin olówó kan tí ó jókòó sí àyè àwọn ọlọ́lá nínú ilé ìran, tí aṣọ rẹ̀ ń dán, tí òórùn dídùn ń bọ́ lára rẹ̀, tí iwájú orí rẹ̀ sì kún fún irú àlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni ó fẹ́ fi bò mọ́lẹ̀? Àmì ẹrú ni, tí olúwa rẹ̀ ti fi irin gbígbóná tẹ̀ sí i lórí nígbà kan rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àlẹ̀mọ́ ẹwà ti ní iṣẹ́ méjì yìí: ó ń ṣe ni lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì ń bá ni pa àṣírí mọ́.

Ní ilẹ̀ Faransé àti ní England ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù, láti nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún títí dé òpin èyí tí ó tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin ibẹ̀, àti àwọn ọkùnrin kan pẹ̀lú, a máa gé aṣọ àrán tàbí sẹ́dà dúdú ní róbótó, tàbí bí ìràwọ̀, tàbí bí oṣù lé, wọn a sì fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú. Wọ́n ní àpótí kékeré tí wọ́n ń kó o sí, tòun ti dígí nínú ìdérí rẹ̀, kí èyí tí ó bá já lè rí arọ́pò lójú agbo. Orúkọ tí àwọn ará Faransé sọ ọ́ ni mouche, èyí tí í ṣe eṣinṣin ní èdè wọn, nítorí pé lójú funfun báláú, bí eṣinṣin tí ó bà sínú wàrà ni ó rí. Ibi tí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní orúkọ tirẹ̀: ti iwájú orí ni ọlọ́lá, ti orí imú ni aláfojúdi, èyí tí a bá sì fi bo irorẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n fi í wé ẹni tí ń bá olè gbé ẹrù pamọ́.

Ní England, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń jẹ́ Samuel Pepys, ẹni tí ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1660 ìgbà tí aya òun kọ́kọ́ lẹ àmì dúdú mọ́ ojú láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ó tún kọ ọ́ pé òun ti fún un láyè láti lò ó, ó sì rẹwà lójú òun. Ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú èyí, ní oṣù kẹfà ọdún 1650, wọ́n ti ka àbá òfin kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà láti fòpin sí ojú kíkùn àti àmì dúdú lílẹ̀. Àbá náà kò di òfin. Ní ọdún 1653, ìwé dókítà John Bulwer fi àwòrán obìnrin kan hàn tí ó lẹ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mọ́ iwájú orí, tòun ti àwọn ẹṣin tí ń fà á. Bí òwe wa ti wí, àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé òṣèlú wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1711, Joseph Addison kọ àròkọ ẹlẹ́fẹ̀ kan sínú ìwé ìròyìn The Spectator ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní òun wọ ilé eré, òun sì rí i pé àwọn obìnrin tí ó jókòó ní ìhà kan lẹ àmì mọ́ apá ọ̀tún iwájú orí, àwọn tí ó wà ní ìhà kejì sì lẹ tiwọn mọ́ apá òsì. Nígbà tí òun wádìí, àwọn ti ọ̀tún ni aya àti ọmọ ẹgbẹ́ Whig, àwọn ti òsì sì ni ti ẹgbẹ́ Tory. Àwọn tí kò tíì mọ ẹgbẹ́ tí wọn yóò ṣe ń bẹ láàárín. Ṣùgbọ́n wàhálà wà fún obìnrin Whig kan tí ó pè ní Rosalinda: Ẹlẹ́dàá ti fi àmì dúdú tí ó lẹ́wà sí apá òsì iwájú orí rẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó, ojú rẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ kejì polongo, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣì í mú. Ẹ̀fẹ̀ ni Addison ń ṣe, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú rẹ̀: nígbà tí a bá ti pinnu láti ka ojú ènìyàn bí ìwé, ohun tí kò sí níbẹ̀ pàápàá ni a ó kà.

Kí ni ó mú kí àṣà yìí gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gẹ́ jẹ́ ìdí kan, ṣùgbọ́n ìdí kejì wúwo jù ú lọ. Àrùn tí àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n ń pè ní Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, èyíinì ni ṣànpọ̀nná, ń jà ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, olówó kò sì yàtọ̀ sí tálákà lójú rẹ̀. Ẹni tí kò bá pa, a sọ ojú rẹ̀ di ihò-ihò. Àlẹ̀mọ́ dúdú ni ó ń bo ihò náà. Àwọn mìíràn sì wà tí ó fi í bo egbò àrùn ìṣekúṣe, gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán William Hogarth ti fi hàn nínú àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1732. Ní ọdún 1796 ni Edward Jenner rí ọ̀nà àjẹsára tí ó borí ṣànpọ̀nná, àṣà àlẹ̀mọ́ náà sì ń rọlẹ̀ ní ìwọ̀n àkókò kan náà. Àrùn náà pàápàá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde rẹ̀. Síbẹ̀ ìfẹ́ tí ayé ní sí àmì dúdú kò tán. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, nígbà tí àwòrán Marilyn Monroe, òṣèré Amẹ́ríkà tí ó kú ní ọdún 1962, kárí ayé, àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́ẹ̀dì ojú kán àmì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe rẹ́rìn-ín àwọn ará Yúróòpù ní àrínjù. Àwa náà ti lo tìróò, a ti lo osùn àti làálì, a ti gbóṣùbà fún eléjì. Ohun tí wọ́n fi oje igi lẹ̀, abẹ ni àwa fi kọ ọ́. Àwọn olóòlà kọ àbàjà, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́ àti pélé sí wa lójú. Òmíràn láti fi ìdílé àti ìlú hàn, òmíràn fún ẹwà. Àlẹ̀mọ́ ṣeé ṣí kúrò nígbà tí àṣà bá yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ ilà fún ní ọjọ́ kẹjọ yóò gbé e dé sàréè. Láti ọdún 2003 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ní Nàìjíríà ti ka ilà kíkọ sí ara ọmọdé léèwọ̀.

Láti orí ẹwà, ẹ jẹ́ kí a lọ sí orí àṣẹ àti àlọ́. Ìwé kan wà ní èdè Gíríìkì àtijọ́, tí a kà sí Melampus lọ́rùn, tí ó ń sọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń wí fún ẹni tí ó ní in, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó wà lára. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1653, Richard Saunders tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, ó sì pín àmì ojú àti ti ara papọ̀ méjì-méjì, bí ẹni pé èyí tí ó wà lójú ni ìránṣẹ́ èyí tí aṣọ bò. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn awojúsọtẹ́lẹ̀ ti ń ka àmì ojú láti ayébáyé. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìyá a máa kán tìróò kékeré sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí iwájú orí ọmọ rẹ̀ tí ó rẹwà, kí ojú búburú má ba à mú un. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹwà náà jẹ́ díẹ̀ kí ẹwà náà lè wà láàyè. Ìfẹ́ ìyá ni ó wà nídìí èyí, a kò sì lè bínú sí i.

Ní ti àwọn baba wa, ibi tí ọ̀rọ̀ àmì ti dun ni jù lọ ni ọ̀rọ̀ àbíkú. Nígbà tí obìnrin bá bímọ tí ó kú, tí ó tún bí tí ó tún kú, wọn a ní ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọn a fi abẹ tàbí iná sàmì sí òkú ọmọ náà, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́, kí a sì lè dá a mọ̀ bí ó bá tún padà wá. Bí a bá wá bí ọmọ mìíràn tí àmì dúdú wà ní etí tàbí ní àyà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí lójú wọn: àpá náà nìyẹn. Wọn a sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́. Àmì náà wá di ẹlẹ́rìí sí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1910, James Herrick, dókítà ní Chicago, ṣe àpèjúwe àrùn ẹ̀jẹ̀ kan tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ ń tẹ̀ bí dòjé. Àrùn yìí, tí àwa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, a máa jogún láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá, ó sì lè pa ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìdílé kan. Àwọn onímọ̀ gbà pé òun, pẹ̀lú ibà àti àwọn àrùn ọmọdé mìíràn, wà nídìí púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àbíkú. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n orí awọ ni à ń kà. A fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ìtàn tí ó burú jù lọ ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn England láàárín ọdún 1645 sí 1647. Ogun abẹ́lé ń jà nígbà náà láàárín ọba àti ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ̀rù sì wà ní gbogbo abúlé. Ọkùnrin kan dìde ní Manningtree, ní ìpínlẹ̀ Essex, orúkọ rẹ̀ ni Matthew Hopkins. Ó fi ara rẹ̀ jẹ oyè olórí àwọn awá-àjẹ́. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀, John Stearne, a máa lọ láti ìlú dé ìlú, àwọn ìlú a sì máa san owó fún wọn. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé Èṣù a máa fi àmì sí ara àwọn tirẹ̀, àti pé níbi àmì náà ni àwọn ẹ̀mí kéékèèké ti ń wá mu ẹ̀jẹ̀ bí ọmọ ti ń mu ọmú. Nítorí náà, wọn a tú arúgbó obìnrin sí ìhòòhò, àwọn obìnrin mìíràn a sì yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá rí àmì dúdú, tàbí ẹran tí ó yọ sí awọ, wọ́n ti rí ẹ̀rí. Àwọn mìíràn nínú àwọn awá-àjẹ́ a máa fi abẹ́rẹ́ gún àmì náà. Bí kò bá dun onítọ̀hún, tàbí bí kò bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀rí náà di méjì.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ní Manningtree ni Elizabeth Clarke, arúgbó tálákà tí ó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Wọn kò jẹ́ kí ó sùn fún ọ̀pọ̀ òru, títí ó fi jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, ó sì dárúkọ àwọn mìíràn. Àlùfáà ìjọ Brandeston, John Lowes, ẹni tí ó súnmọ́ 80 ọdún, wà lára àwọn tí a so rọ̀ ní ọdún 1645. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó kú nípasẹ̀ ìwádìí yìí kí ó tó dópin. Ẹ wo bí ìdájọ́ náà ti rí: arúgbó wo ni kò ní àmì lára? Bí a bá yẹ ara adájọ́ pàápàá wò, ṣé a kò ní rí i?

Ṣùgbọ́n a dúpẹ́ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀. John Gaule, àlùfáà ìjọ Great Staughton, wàásù lòdì sí Hopkins nígbà tí ó gbọ́ pé ó fẹ́ wá sí agbègbè òun, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1646 láti fi hàn pé ojú híhunjọ àti ọjọ́ ogbó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àti pé ẹ̀rí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kò yẹ kí ó gba ẹ̀mí ènìyàn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí bi Hopkins léèrè bí ó ti ń fi ìyàtọ̀ sáàárín àmì Èṣù àti àmì tí àìsàn tàbí ọmọ bíbí ń fi sí ara. Ó kọ ìwé kékeré láti dáhùn ní ọdún 1647, ó sì kú ní ọdún náà gan-an. Ní ọdún 1736 ni òfin tí a fi ń pa àwọn tí a pè ní àjẹ́ parẹ́ ní ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí ìtàn Gaule nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé a fi àmì ara ọmọ kan tàbí arúgbó kan pè é ní àjẹ́ ní àdúgbò yín. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí kò bẹ̀rù lè gba ẹ̀mí là.

Ta ni ó wá ka àmì ara bí ó ti yẹ? Ẹni tí ó bá ka orí kẹtàlá ìwé Léfítíkù yóò rí ohun kan níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Nígbà tí àmì bá yọ sí ara ènìyàn, a kò pàṣẹ fún àlùfáà pé kí ó dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá dá a lójú, yóò dúró fún ọjọ́ méje, yóò tún wò ó: ṣé ó ti ràn, àbí ó dúró sí ojú kan? Bí àmì ti ń yí padà ni ó ń wò. Orí ọ̀nà yìí náà ni ìmọ̀ ìṣègùn wá dúró lé ní ìkẹyìn.

Ní ọdún 1787, oníṣẹ́-abẹ John Hunter gé kókó kan kúrò ní ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 35 ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò mọ ohun tí ó jẹ́, ṣùgbọ́n ó fi í pamọ́ sínú ìgò. Ní ọdún 1968 ni a yẹ ẹran náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, tí a sì mọ̀ dájú pé jẹjẹrẹ aró awọ ni, èyí tí à ń pè ní melanoma. Ní ọdún 1804, René Laennec, ẹni tí ó wá ṣe ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ ìró àyà, sọ̀rọ̀ nípa àrùn dúdú yìí ní Paris, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1806. Ní ọdún 1820, William Norris, dókítà ní Stourbridge ní England, kọ̀wé nípa aláìsàn ẹni ọdún 59 kan tí kókó dúdú ti ara àmì rẹ̀ hù. Ohun tí Norris ṣe tí àwọn mìíràn kò ṣe ni pé ó béèrè ọ̀rọ̀ ìdílé. Ó gbọ́ pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni ó pa baba ọkùnrin náà, ó sì rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀ ní àmì dúdú púpọ̀ lára. Báyìí ni ó ṣe kọ́kọ́ fura pé àrùn náà lè máa bá ìdílé rìn. Ìbéèrè rere dára ju ìdáhùn kánkán lọ.

Ní ọdún 1886, Jonathan Hutchinson ṣe àkíyèsí irú àrùn yìí kan tí ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná, tí aró dúdú rẹ̀ sì ń tàn dé awọ tí ó yí èékánná ká. Àkíyèsí yìí kan àwa ènìyàn dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, ibi tí oòrùn ń pa ni melanoma ti wọ́pọ̀. Kò wọ́pọ̀ lára wa tó bẹ́ẹ̀, nítorí aró wa ń dá ààbò bò wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé, ibi tí oòrùn kì í dé ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, àti abẹ́ èékánná. Nítorí pé kò sí ẹni tí ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí a tó rí i. Bob Marley, olórin Jàmáíkà tí gbogbo ayé mọ̀, ni a rí i pé ó ní in lábẹ́ èékánná ọmọ-ẹsẹ̀ ńlá rẹ̀ ní ọdún 1977. A gbà á nímọ̀ràn pé kí a gé ọmọ-ẹsẹ̀ náà, kò gbà. Àrùn náà ràn dé inú ara rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981, ní ẹni ọdún 36.

Ní ọdún 1985, àwọn dókítà kan ní Yunifásítì New York kó àwọn ohun tí ó yẹ kí a máa wò jọ, kí ẹni tí kì í ṣe dókítà pàápàá lè rántí wọn. A sì ti fi ọ̀kan kún wọn lẹ́yìn náà. Àwọn nìyí ní èdè wa. Èkíní, bí a bá fi ojú inú pín àmì náà sí méjì, ṣé ìdajì rẹ̀ bá ìdajì dọ́gba? Èkejì, ṣé etí rẹ̀ mọ́ rekete, àbí ó rí wágunwàgun? Ẹ̀kẹta, ṣé àwọ̀ kan ni ó ní, àbí dúdú, pupa àti àwọ̀ eérú dà pọ̀ nínú rẹ̀? Ẹ̀kẹrin, ṣé ó ti fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, èyíinì ni bí ìdí pẹ́ńsùlù? Ẹ̀karùn-ún, tí ó ṣe pàtàkì jù, ṣé ó ń yí padà: ṣé ó ń tóbi, ṣé ó ń yún ni, ṣé ó ń ṣẹ̀jẹ̀? Sí èyí ni àwa yóò fi kún un: egbò tí kò jiná ní àtẹ́lẹsẹ̀, àti ilà dúdú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí èékánná kan ṣoṣo tí ó sì ń fẹ̀ sí i. Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ilà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ ní èékánná mélòó kan láìsí àrùn. Èyí tí ó dá wà tí ó sì ń dàgbà ni kí a fi han dókítà.

Kékeré ni a ti í pẹ̀kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Ní ọdún 1970, Alexander Breslow fi hàn pé bí àrùn yìí ti jinlẹ̀ tó nínú awọ ni a fi lè mọ bí yóò ti rí fún aláìsàn. Bí a bá gé e kúrò kí ó tó jìn ju mílímítà kan lọ, ọ̀pọ̀ jùlọ ni ó ń yè. Bí ó bá ti ràn dé inú ara, ọ̀rọ̀ a le. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2011 ni àwọn oògùn titun ti wà tí ń ru agbára ara sókè láti bá àrùn náà jà, èyí tí James Allison àti Tasuku Honjo gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 2018. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òwú di àmì dúdú pa, kí ó má fi omi bátìrì jó o, kí ó má sì fi abẹ ilé gé e. Bí àmì náà kò bá ní àrùn, egbò lásán ni yóò dá sílẹ̀. Bí ó bá sì ní àrùn, orí rẹ̀ nìkan ni yóò kúrò, gbòǹgbò rẹ̀ yóò kù sínú. Dókítà a máa gé e tán, a sì fi ẹran náà ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn àfín, tí àwọn baba wa ń pè ní ẹni òrìṣà. Aró tí ń dá ààbò bo àwa yòókù kò sí lára wọn, tàbí kí ó kéré jọjọ, jẹjẹrẹ awọ sì ń pa wọ́n ní ọjọ́ èwe ní ilẹ̀ olóòrùn bíi tiwa. Olùkọ́ tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó fún un ní àyè lábẹ́ òjìji nígbà eré, kí ó gbà á láyè láti dé fìlà kí ó sì wọ aṣọ alápá gígùn, kí ó má sì rán an níṣẹ́ oko ní ọ̀sán gangan. Ìtọ́jú tí kò ná olùkọ́ ní kọ́bọ̀ nìyí, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ọjọ́ ayé ọmọ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ti rí i bí ọ̀nà yìí ti jìn tó. Nínú gbogbo àwọn tí ó wo àmì náà, ẹni tí ó béèrè ni ó jèrè. Ẹni tí ó ti mọ ìdáhùn kí ó tó wò ni ó ṣìnà. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó sùn, ẹ gbé àtílà súnmọ́ ọn, kí ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò, kí ẹ sì wo ti ìyá yín àgbà tí kò lè tẹ̀ba mọ́. Bí ẹ bá rí àmì tí ó yàtọ̀ sí ti àná, ẹ má ṣe bá a rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ṣe sá fún un. Ẹ lọ fi í han ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò. Ní ti ọmọ tí ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú pátákó, ẹ sọ fún un pé kí ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, kí ó mú ẹfun, kí ó sì ṣe ìṣirò rẹ̀.